Ọdẹ́bùnmi ní Ilé Ọ̀ọ́dúnrún

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Ìgbó-Afọ̀n. Ẹ gbé korobá yín sílẹ̀ ná, kí ẹni tí kò rí àga dojú tirẹ̀ délẹ̀, kó jókòó lé e. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Omi dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dá láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa bá jà. Èmi ni ẹ máa bá jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún yín, nítorí bí mo bá sọ ìdí rẹ̀ láìsọ ìtàn, irọ́ ni ẹ máa pè é.

Ìtàn ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ọdẹ́bùnmi ni àbúrò náà, Ògúndíran sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé orúkọ ara mi ni mo dá yẹn. N ó máa pè é bí ẹni ń pe ẹlòmíràn ni, nítorí pé àwọn ibì kan wà níwájú tí ojú máa tì mí láti sọ pé èmi ni. Ìtàn náà kò sì í ṣe tèmi, ti Ọdẹ́bùnmi ni.

Ẹ̀yin èwe ìsinsìnyí, ẹ rò pé ẹni tó bá gbé ìbọn lé èjìká nìkan ni ọdẹ. Ta ni kò lè yìnbọn pa etu? Ìdílé tiwa, inú ẹ̀rọ la ti ń ṣọdẹ. Bàbá mi ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé. Èyí tó ń darí omi ìlú yìí, tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn mi níbí, irú rẹ̀ ni. Kò sí ọdẹ kan láti ibí títí dé etí òkun tó lè wọ inú rẹ̀ kó jáde láyọ̀, àfi ọmọ bàbá mi.

Nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlú Ọ̀kan-lẹ́ẹ̀kan, ọba kan ló sì ń jẹ níbẹ̀. Àṣẹ pípa nìkan ni ọba yìí mọ̀. Kò mọ bí a ti ń ṣí omi, kò mọ bí a ti ń tẹ ìwé, kò mọ bí a ti ń kọrin. Àwọn iwin inú ìgbó tó yí ìlú náà ká ló mọ ìyẹn, iwin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ àti ilé tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ọba kò gbọ́ èdè iwin, iwin kò gbọ́ èdè ọba. Iṣẹ́ ìdílé wa ni ká wọ inú ìgbó náà lọ, ká kọ́ ìwà iwin kan, ká wá fi ọ̀rọ̀ gbẹ́ ògbufọ̀ tí yóò máa rìn láàárín òun àti ọba.

Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ti mọ odi yí ààfin wọn ká. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ tó ń wọ́ ògbufọ̀ tó bá pẹ́ níta kúrò lọ́nà, ìlú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìlú Ọ̀kan-lẹ́ẹ̀kan kò ní odi, kò ní ẹ̀ṣọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ọba ibẹ̀ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rán ògbufọ̀ níṣẹ́, ó máa dúró, gbogbo ìlú máa dúró pẹ̀lú rẹ̀, títí ògbufọ̀ yóò fi dé. Bí ògbufọ̀ kò bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní mira mọ́.

Ohun tí bàbá fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìyí. Bí ògbufọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà iwin, kò gbọdọ̀ já wọlé. Ó máa béèrè pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ dí?" Bí ohùn inú ilé bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó máa dúró, á tún béèrè. Bí ó bá ní "rárá", á gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn nìkan ni iwin ń bá ògbufọ̀ sọ. Bàbá ní kí wọ́n kọ́ gbogbo ògbufọ̀ láti máa kà bí ó ti ń béèrè. Tí ìbéèrè bá pé ẹgbẹ̀rún, kó yí padà, kó lọ sọ fún ọba pé nǹkan kò lọ déédéé níbẹ̀, kí ìlú lè máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ọdẹ́bùnmi kò fi kíkà yìí ṣeré rí. Ògúndíran ní ojo ló ń kà.

"Ọdẹ́bùnmi, o ń ka ìbéèrè bí ìyá tó ń ka ẹyin adìẹ," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un níwájú àlejò. "Ohun tí èmi bá pè gbọ́dọ̀ jẹ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò bá wá jẹ́ yín ńkọ́?"

"Èyí tí kò ní jẹ́ mi, wọn kò tíì rọ ọ́."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́bùnmi kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, oṣù méje gbáko sì ni wọn kò fi bá ara wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó dun obìnrin náà gan-an. Ó mọṣẹ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, iwin tó ń ṣí páìpù ńlá ìlú yìí gbó, ó kú. Ìgbìmọ̀ omi ra òmíràn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ògbufọ̀ rẹ̀ fún Ògúndíran. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Àṣà wa ni pé kí ọdẹ wọ inú ògbufọ̀ tuntun, kó bá a rin ìrìn àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ iwin. Bí ìrìn náà bá yọrí sí rere ni a tó ń jó ògbufọ̀ sínú òkúta tó wà lókè ọkàn ẹ̀rọ, nítorí ohun tí a bá ti jó síbẹ̀ kò ṣe é tún ṣe àyàfi tí a bá pa iná ẹ̀rọ. Ògúndíran kọ́kọ́ jó o ná. Ó ní kò sí ìdí láti dán iṣẹ́ ọwọ́ òun wò. Kò fi kíkà kankan sínú rẹ̀. Nọ́ńbà ilé iwin, ó kàn dà á kọ látinú ìwé ti iwin tó kú ni. Lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó pe ọ̀rọ̀ tí a ń pè, ó sì wọlé.

Ọjọ́ kẹta pé, kò jáde. Ara rẹ̀ ṣì wà lórí àga, ojú rẹ̀ là kedere, ètè rẹ̀ ń mì. Ìyá wọn, Mopélọ́lá, fi etí lé e, ó gbọ́ ohun tó ń sọ: "Ṣé ọwọ́ rẹ dí? Ṣé ọwọ́ rẹ dí? Ṣé ọwọ́ rẹ dí?" Kò sí omi lẹ́nu ẹ̀rọ kankan ní gbogbo ìlú.

Ọ̀gbẹ́ni Fátóyìnbó, alága ìgbìmọ̀ omi, ránṣẹ́ pe Ọdẹ́bùnmi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, òun náà ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ẹ lè bi í.

"Ọmọ mi, a ti ṣe sùúrù," ni ó wí. "Odò ẹlẹ́rẹ̀ ni àwọn aláboyún ń pọn mu. Tó bá di ọ̀sán ọ̀la, a máa pa iná ẹ̀rọ yìí, ká tún un tàn."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹni tí iná bá kú mọ́ inú ibẹ̀ kì í jáde mọ́."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dá a dúró di ọ̀la."

Ọdẹ́bùnmi fa àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ ni? Ọmọ méjì péré ni mo bí."

"Màámi, mo máa mú un wá fún yín."

Ó pe ọ̀rọ̀ tí a ń pè, ilẹ̀ sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìlú Ọ̀kan-lẹ́ẹ̀kan ló bá ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn dúró gbagidi bí wọ́n ti wà nígbà tí ògbufọ̀ jáde. Aṣọ tí obìnrin kan ń gbọ̀n wà lófuurufú, kò balẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọsẹ̀ ti ṣubú dé ìdajì, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ní ààfin, ọba la ẹnu, ọ̀rọ̀ ìkejì tó fẹ́ sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀ bí kóró afọ̀n, ó ń dán. Ọdẹ́bùnmi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, èjìká náà tutù. Ó sáré gba ibẹ̀ kọjá láìwẹ̀yìn.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń mí ní ẹnubodè. Adènà ni wọ́n ń pè é, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ọba jẹ. Ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rìndínlógún ló wà níwájú rẹ̀. Iwin tó bá ní ọ̀rọ̀ kànjúkànjú, ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn wọ̀nyí ló máa wá kàn, ìkànkùn náà sì lè dá ọba àti ògbufọ̀ dúró lẹ́nu ohunkóhun. Àmọ́ okùn ti di gbogbo wọn pa. Ògúndíran ló dì wọ́n kó tó jáde, kí ìkànkùn ẹnikẹ́ni má bàa dí òun lọ́wọ́.

Ọdẹ́bùnmi fi eyín já okùn náà, kò já. Ó fi ọ̀bẹ gé e, ọ̀bẹ kán.

"Ọwọ́ tó dì í nìkan ló lè tú u," ni Adènà wí. "Ọ̀nà tí mo lè gbà pe ẹ̀gbọ́n rẹ padà nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dí i. Bí o bá fẹ́ kọjá sínú ìgbó, dá mi lóhùn. Ta ni ó ń sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' fún gbogbo ẹni tó bá bi í ní ohunkóhun?"

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni."

"Rárá o."

"Ẹni tó fẹ́ kí ayé fẹ́ràn òun."

"Rárá o. Èyí tó kù ni ìkẹyìn."

Ọdẹ́bùnmi rò ó títí orí fi ń ta á. Ó rántí ilé kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń lọ pariwo sí ní kékeré, ilé àwókù kan lẹ́yìn ọjà, tí ohùn wọn á máa padà wá bá wọn. Ó ní, "Ẹni tí kò sí nílé ni."

Adènà ṣí ọ̀nà fún un.

Ìgbó náà, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìgbó igi. Nọ́ńbà ló hù níbẹ̀, nọ́ńbà gíga, nọ́ńbà kúkúrú, ilé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà sì ṣófo. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sáàárín ìjà. Iwin méjì ń du ilé kan náà: Atẹ̀wé, tó ní ẹgbẹ̀rún ìka, àti Olóhùn-gooro, tí ọ̀fun rẹ̀ gùn tó páìpù. Nígbàkigbà tí nǹkan bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn wọn á pàdé, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì máa gé ènìyàn. Ìgbà mẹ́ta ni ó gé Ọdẹ́bùnmi lápá. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ mọyì àbúrò mi, nítorí èmi ì bá sá. Ó lọ́ sẹ́yìn Olóhùn-gooro níbi tó ti ń pariwo, ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi bá egungun kékeré kan tí gbogbo iwin ní, egungun tó ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n á máa gbé. Ó fà á yọ, ó tì í bọ ihò kejì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jóná. Ṣùgbọ́n Olóhùn-gooro gbẹ́nu dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kí Atẹ̀wé pé ó dàárọ̀, ó sì lọ sí ilé kejì lọ jókòó jẹ́jẹ́.

Níwájú díẹ̀ síbẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ilé ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ń pe ilé náà. Ògbufọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ènìyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ògúndíran ló wà nínú rẹ̀, eruku ti bò ó dé orúnkún.

"Ṣé ọwọ́ rẹ dí?" ni ó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ilé dáhùn.

"Ṣé ọwọ́ rẹ dí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọdẹ́bùnmi pè é. Ó lu ògbufọ̀, ó ké sí i létí, ó bú u. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ògúndíran! Ẹ ṣíwọ́ ìbéèrè!" Kò gbọ́. Ọdẹ́bùnmi yọjú wo inú ilé. Kò sí ẹní níbẹ̀, kò sí ìkòkò, kò sí iwin kankan. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ìgbà yẹn ni ohun tí Adènà bi í wá yé e. Ilé iwin tó kú ni Ògúndíran ń kàn. Iwin tuntun kò gbé ibẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, inú sì ń bí i bó ti ń sunkún, nítorí ẹgbẹ̀rún kan péré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá kà.

Ó dìde, ó wá iwin tuntun náà lọ. Ogún ilé síwájú ló wà, Aṣípáìpù ni orúkọ rẹ̀. Ó tóbi, ó fajú ro, ó di kẹ̀kẹ́ irin kan mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi dé ni mo ti jókòó," ni ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí lọ sí ilé ọ̀ọ́dúnrún. N ó yí egungun ẹ̀yìn yín."

"Wò ó ná."

Ọdẹ́bùnmi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó rọ ọ́ ti fi òjé jó egungun náà mọ́ ọn lára. Kò ṣe é fà.

"Wọn kò fẹ́ kí n máa ṣí kiri," ni Aṣípáìpù wí, ojú sì tì í díẹ̀. "Ọ̀nà kan ló kù. Bí ẹnìkan bá wọ inú ilé yẹn tó dáhùn 'rárá', ògbufọ̀ á gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kó ké sí mi láti ibẹ̀, n ó gbọ́, n ó sì ṣí omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ á lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́ jẹ. Ẹni tó bá dáhùn láti inú nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ti mú un nìyẹn. Kò ní jáde àfi bí ẹlòmíràn bá wọlé dípò rẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀ọ́dúnrún, ó dúró. Ọ̀sán ti ń sún mọ́ lóde ayé. Ó ronú ìyá rẹ̀. Ó ronú àwọn àlejò tó fi í rẹ́rìn-ín. Ó yí padà láti máa lọ sílé, ó rìn dé ibi tí Atẹ̀wé wà, ó sì tún padà. Nígbà tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń béèrè. Ohùn rẹ̀ ti ń há, ohùn tó fi kọ́ ọ ní àkọ́kà nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọlé, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Ṣé ọwọ́ rẹ dí?"

"Rárá," ni Ọdẹ́bùnmi wí.

Lórí àga tó wà níbí, Ògúndíran fò dìde. Omi tú jáde ní gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ìlú, ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ yẹn, ẹ jó. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ rí i bí? Mo ní á jẹ́ mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí àga kejì. Ọdẹ́bùnmi ló wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ní, "Rárá. Rárá. Rárá."

Obìnrin tí ẹ ń rí nínú yàrá ẹ̀yìn mi nìyẹn, ẹni tí ẹ rò pé àrùn ẹ̀gbà kọlù, tí mo ń fi ọwọ́ fún ní ẹ̀kọ mímu. Kò sí ẹni tó lè pa iná ẹ̀rọ náà láti tún ògbufọ̀ gbẹ́, torí òun náà máa bá a lọ. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe to bátìrì yí ilé yìí ká. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Ẹ ń wò mí pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo ohun tó bá pàdé nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo máa ń di ìbéèrè mọ́ ẹrù iṣẹ́ tí ògbufọ̀ ń gbé lọ fún un. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, omi á máa lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á ní "bẹ́ẹ̀ ni", omi á sì dá, á tún padà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá ń wúkọ́ nílé yín, tí ẹ ń bú mi, àbúrò mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé o pàdé Adènà? Omi dá. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni o dá a lóhùn? Omi ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó ìtàn náà jọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀kan. Mo bi í pé ṣé inú bí i sí mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Omi dá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí. N ò pe ara mi ní Ògúndíran mọ́ níbi tí mo dé yìí, èmi ni. Láàárín oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bi í, mo ti mọ̀ pé ẹlòmíràn lè wọlé dípò rẹ̀. Mo bi í, omi dá, ó yé mi yékéyéké. Mo wá bi í pé, "Ṣé kí n wá?" Omi ń lọ. Kò tilẹ̀ wúkọ́. Rárá ló sọ. Mo di rárá yẹn mú ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fi bora fún ọdún mọ́kànlá. Mo ń sọ fún ara mi pé òun ló ní kí n má wá. Ìyá wa kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀, èmi tí mo mọ ọ̀nà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń nu ojú rẹ̀. N kò padà wọ inú ìgbó yẹn rí láti ọjọ́ náà. Èmi tí mo ń pariwo pé kò sí ọdẹ bí tèmi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ, mo rí i pé irun rẹ̀ ti funfun níwájú orí. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo di ìbéèrè kan tí n kò bi í rí. Mo ní, "Ọdẹ́bùnmi, ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?"

Omi dá. Mo retí kó padà, kò padà. Ó dá láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ohun tó dé bá yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọ̀la, n ó wọlé lọ dáhùn dípò rẹ̀. Ara rẹ̀ máa dìde lórí àga yẹn. Kí obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àti oúnjẹ gbígbóná. Ó máa béèrè ìyá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fátóyìnbó, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un, ẹ mọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ. Ó máa béèrè mi náà. Ẹ sọ fún un pé láti oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bi í ni mo ti mọ̀ pé mo lè gba ipò rẹ̀. Ẹ má bá mi dín in kù.

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti jókòó sórí àga yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo la ẹnu láti pe ọ̀rọ̀ náà, tí mo sì dìde. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo bẹ̀ yín, kí ọkùnrin méjì tó lágbára wá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n di èjìká mi mú, kí wọ́n má sì jẹ́ kí n dìde títí n ó fi wọlé.